Ọmọ mi yóò ta fáyólìnì nínú ọ̀kẹ́sítírà n'Ílọrin: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Elélùbọ́ (ọjọ́ Ajé, alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, wà lára àwọn tí yóò ta fáyólìnì nírọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí nínú gbọ̀ngàn kan ní GRA, n'Ílọrin níbí. Ọ̀kẹ́sítírà gidi ni, wọ́n tó ogójì, àwọn kan tiẹ̀ ń ti Èkó bọ̀. Ọdún kẹrin rẹ̀ rèé tó ti ń kọ́ ọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, bí ìlẹ̀kùn tó ti dógùn-ún ló ń dún létí wa. Ní báyìí, oníbàárà á ra èlùbọ́ tán, á tún dúró lẹ́nu àtẹ mi kó lè gbọ́ ọ parí.

Èmi ò dé irú ibẹ̀ rí. Òde ayẹyẹ ni mo mọ orin mọ́: a jó, a náwó fún olórin, a jẹun, a lọ sílé. Ìwé ètò tó mú wálé rèé: Mozart, "Eine kleine Nachtmusik". Vivaldi, "Ìgbà Òtútù". Fela Sowande, "Akinla". Lẹ́yìn náà ìsinmi. Lẹ́yìn ìsinmi, Símfónì Karùn-ún ti Beethoven. Aago 5 àbọ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní tó bá fi máa di aago 8 wọ́n ti parí.

Ìgbà wo là ń pàtẹ́wọ́? Ọmọ náà ti bẹ̀ mí pé kí n má pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ. Ṣé mo lè lọ náwó fún un níwájú? Kí ni kí n wọ̀? Ìyá mi, ẹni ọdún 74, ń bọ̀ láti Ọ̀mù-Àrán, ọkọ mi ò sì ní fi ìrun Mọ̀gàríbì ṣeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ kó bá mi sọ ọ́ bó ṣe rí.

Kọyàmásítà Ọ̀mù-Àrán

Ẹ kú oríire ọmọ, ìyá wa. Ọdún kẹrin lórí fáyólìnì, kó sì bọ́ sínú ọ̀kẹ́sítírà, kì í ṣe ohun kékeré rárá. Ohun èlò tí kò ní àmì kankan lọ́rùn tí yóò sọ fún ìka ibi tó máa tẹ̀ ni. Etí nìkan ló ń tọ́ ọ sọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àtẹ́wọ́. Àwọn iṣẹ́ orin gígùn wọ̀nyí ní apá apá. Ti Mozart yẹn ní apá 4, ti Vivaldi ní 3, ti Beethoven ní 4. Bí apá kan bá parí, gbogbo ilé á dákẹ́ díẹ̀, àwọn tó ti ń pa ikọ́ mọ́ra á wúkọ́, àwọn olórin á ṣí ìwé wọn. Orin ò tíì parí. Ìgbà tí gbogbo apá bá pé la tó ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìka ka apá o, ó lè dà rú mọ́ yín lójú. Ọwọ́ olùdarí, ẹni tó dúró níwájú àwọn olórin, ni kí ẹ máa wò. Bí ohùn bá ti dákẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, orin ṣì ń lọ. Bó bá sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀, tó wá yíjú sí àwọn èrò, ó di tiyín nìyẹn, ẹ pa á dáadáa.

Ibi kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ nínú ti Beethoven. Ní òpin apá kẹta, ohùn á máa rọlẹ̀, á máa rọlẹ̀, títí tí yóò fi kù díẹ̀ kí ẹ má gbọ́ nǹkankan mọ́ ju ìlù timpani tó ń lù jẹ́jẹ́ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ó rò pé ó ti tán. Kò tán. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni apá kẹrin ti máa bú jáde láìdúró. Ẹ wo àwọn onítròmbóònù, àwọn tó ń fọn fèrè idẹ gígùn, lẹ́yìn pátápátá: láti ìbẹ̀rẹ̀ símfónì náà ni wọ́n ti jókòó tí wọn ò fọn ohunkóhun, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ti máa gbé e sẹ́nu. Ẹni tí kò mọ̀ á ti rò pé wọ́n kàn wá jókòó ni.

Bí wọ́n bá kọ́kọ́ wọlé, ẹ ó gbọ́ ohùn kan ṣoṣo láti ara fèrè tí wọ́n ń pè ní oboe, gbogbo yòókù á sì máa wá ohùn tiwọn bá a. Kì í ṣe orin o. Ohùn A ni, èyí tó ń gbọ̀n ní ìgbà 440 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí onígìtá ṣe ń yí okùn gìtá rẹ̀ kó tó kọrin ni.

Onífáyólìnì

Àǹtí mi, ẹ kú oríire. Èmi náà ń ta á, ọdún kọkànlá rèé. Ẹ jẹ́ n dáhùn ti owó torí ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ má náwó fún un lórí ìjókòó, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, èmi náà ọmọ Kwara ni. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ wà lórí ìwé orin, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì í, gbogbo wọn sì gbọ́dọ̀ fa ọrun wọn sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí náírà bá já bọ́ lé okùn, ohùn á yí. Bó bá bò ó lójú, ó ti sọ ìlà tó ń kà nù, kí ó tó rí i padà wọ́n ti lọ jìnnà. Ẹ di owó náà sínú àpòòwé, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, ẹ fún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ohun èlò sínú àpótí. Ó máa dùn mọ́ ọn ju èyí tí gbogbo ayé rí lọ.

Èkejì, ọyẹ́. Ìlọrin ọyẹ́ yìí ò ṣojúure sí igi fáyólìnì. Igi á gbẹ, á sún kì, àwọn èèkàn tí wọ́n fi ń yí okùn lọ́rùn á máa yọ̀, ohùn á rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bó bá le jù, igi á là. Ẹ má jẹ́ kó gbé e sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ má gbé e síwájú ẹ̀rọ amúlétutù. Ohun tí èmi ń ṣe: mo mú ike ọṣẹ tó ní ìdérí, mo lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára, mo fi fóòmù kékeré tí mo ti fún omi rẹ̀ dànù dáadáa sínú rẹ̀, mo gbé e sínú àpótí lẹ́bàá orí fáyólìnì. Kí fóòmù má kán tó-tó o. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ nìkan la ń wá.

Ẹ tún bá a di pẹ́ẹ̀gì aṣọ mẹ́rin sínú báàgì. Bí wọ́n bá tan fáànù gbọ̀ngàn, ìwé orin á máa fò. Ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí kò bá mú pẹ́ẹ̀gì wá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ló ti máa yá a.

Àlhájì Onísùúrù

Assalamu alaikum. Màámà, ẹ fọkàn balẹ̀ nípa ìrun. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Lásìkò yìí nínú ọdún, oòrùn ń wọ̀ n'Ílọrin lẹ́yìn aago 6 àbọ̀. Mozart yẹn kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ, ti Vivaldi kò tó ìṣẹ́jú 10, ti Sowande kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ lásìkò, wọ́n á ti dé ìsinmi kí aago 6 àbọ̀ tó lù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìsinmi ìṣẹ́jú 15 lè parí kí ìrun tó wọlé gan-an.

Nítorí náà, ẹ pe ẹni tó ń ṣètò lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìkíni àti ìdúpẹ́ síwájú ìsinmi, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìsinmi náà gùn tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìlú Ìlọrin la wà, kò sí olóye tó máa sọ pé rárá. Kí bàbá ṣe àlùwàlá kó tó jáde nílé. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kì í ṣe àárín ìlà, kó lè dìde láìtẹ ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Bó bá padà dé tí orin ti bẹ̀rẹ̀, kó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn títí apá kan á fi parí, kó tó wọlé jókòó. Ìrun Ìṣáì kò ní í ni í lára rárá, àkókò rẹ̀ gùn.

Aláṣọ Òkè Ọjà-Ọba

Ẹ wọ aṣọ tó wù yín. Ìró àti bùbá dára, bùbá ńlá ti bàbá náà dára. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún: gèlè. Èmi ń ta gèlè, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní irú ibi yìí ẹ wé e pẹlẹbẹ, ẹ má jẹ́ kó nà sókè. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò ní rí olùdarí, ojú ni ènìyàn sì fi ń gbọ́ ìdajì orin yẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tó ń ró ṣáṣá, ẹ bọ́ ọ sílé. Súwẹ́tà fún ìyá àgbà, torí amúlétutù.

Ọmọ Dàdàkúàdà

Mo kí ìyá yìí kú oríire, ọmọ yóò jẹ́ oríire. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ìlú tiwa ni dàdàkúàdà ti jáde. Nínú Ìlọrin yìí náà ni bàlúù àti wákà wà. Àwọn àgbà olórin tó mọ oríkì ìlú yìí láti orí dé ìdí, ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, àwọn tó kù ń kọrin lábẹ́ kànápí nínú erùpẹ̀. A wá ń ṣí gbọ̀ngàn tó ní amúlétutù fún orin Jámánì. Ó ń dùn mí. Ta ló máa jókòó jẹ́jẹ́ fún wákàtí méjì láti gbọ́ dàdàkúàdà, kó pa fóònù rẹ̀, kó má jẹ nǹkankan?

Àyàn Ọ̀fà

Ọmọ Dàdàkúàdà, ọ̀rọ̀ rẹ dùn mí dé inú egungun. Ìdílé àyàn ni wọ́n ti bí mi, dùndún ni mo ń lù. Ohun tí o sọ nípa gbọ̀ngàn, òótọ́ ni, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ n sọ ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́.

Ọdún bíi mẹ́ta sẹ́yìn ni àbúrò mi kan mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta irú orin yìí. Bí mo ṣe jókòó, mo rí gòjé. Fáyólìnì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ọrun tí wọ́n fi ń fà á, irun ẹṣin ni, bíi ti gòjé tí àwọn onísákárà ń ta. Tiwa ní okùn kan lórí igbá tí wọ́n fi awọ bò. Tiwọn ní mẹ́rin lórí igi. Mo rí àwọn tó ń fọn fèrè idẹ, mo rántí kàkàkí ààfin Ẹ́míà. Mo wá rí ìlù bàbà ńláńlá tí wọ́n ń pè ní timpani. Ẹni tó ń lù ú á tẹ etí mọ́ ọn, á máa tún ohùn rẹ̀ ṣe títí yóò fi gún régé. Ìlù tó ní ohùn pàtó ni, bíi tiwa! Nínú orin Beethoven yẹn, méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀kan gba ohùn C, èkejì gba G.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Símfónì Karùn-ún yìí kan náà ni. Ohùn mẹ́ta lórí ìró kan, ẹ̀kẹrin sì já sílẹ̀: re re re dò. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlù. Mo gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ dùndún. Mo gbọ́ "Ọmọ mi dà?" Wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún bèèrè nísàlẹ̀ díẹ̀: "Ọmọ mi dà?" Mi ò sọ pé ohun tí Beethoven ní lọ́kàn nìyẹn, kò gbọ́ Yorùbá. Etí onílù ló fi gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, mi ò lè gbọ́ ọ bíi nǹkan mìíràn mọ́. Gbogbo apá kìíní, ìbéèrè kan yẹn ló ń gbé kiri. Fáyólìnì á bèèrè, fèrè á gbà á, ìlù á gbà á, àwọn báàsì ńlá á kùn ún lábẹ́. Bí ìyá ìlù bá sọ ọ̀rọ̀ tí omele ń tẹnu mọ́ ọn, báyẹn gẹ́lẹ́ ni.

Ìyá Elélùbọ́, bí ẹ bá jókòó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ tẹ́tí sí i. Tiyín tilẹ̀ wà níwájú yín.

Ìyá Elélùbọ́

Àyàn, mo ka eléyìí sí ìyá mi lórí fóònù. Ó ní kí n tún un kà. Kò sọ nǹkankan fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n má ṣe gbàgbé láti wá gbé òun lọ́jọ́ Jímọ̀.

Kọyàmásítà Ọ̀mù-Àrán

Ẹ jẹ́ n fèsì díẹ̀ sí Ọmọ Dàdàkúàdà, kì í ṣe láti bá a jà. Wo ohun kẹta lórí ìwé ètò yẹn. Fela Sowande, ọmọ Yorùbá ni, wọ́n bí i ní 1905, ó kú ní 1987. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn àlùfáà tó kọ́kọ́ fi ohùn Yorùbá kọ orin fún ìjọ. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń tẹ dùùrù nílé ìjó lálẹ́, ó ń tẹ dùùrù ńlá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní 1943 ó gba oyè àwọn ògbóǹtarìgì onídùùrù níbẹ̀. Ní 1944 ló kọ "African Suite", tí "Akinla" jẹ́ apá ìkẹyìn rẹ̀. Kò sí fèrè kan nínú rẹ̀, àwọn ohun èlò olókùn nìkan ni, pẹ̀lú háàpù. Síbẹ̀ ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n, torí highlife wà nínú rẹ̀ ketekete. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, òun ló kọ "Folk Symphony" fún ayẹyẹ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni irú Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba dé, àwọn méjèèjì tí wọ́n bí ní 1935.

Nítorí náà, orin yìí ti ní ọmọ nílé wa tipẹ́. Ohun tí o ń bèèrè, pé kí a jókòó fún dàdàkúàdà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kan náà, ohun tí ó yẹ ni. Kọ ọ́ sí àwọn tó ń ṣètò. Èmi náà á fọwọ́ sí i.

Ọmọ Dàdàkúàdà

Mo ti gbọ́, bọ̀dá. Màá kọ ọ́ lóòótọ́. Màá sì wá lọ́jọ́ Sátidé.

Onífáyólìnì

Mo gbàgbé ti Vivaldi! Ìyá àgbà ló máa gbádùn eléyìí jù. Orin mẹ́rin ló ṣe lórí ìgbà mẹ́rin tó wà nínú ọdún lọ́dọ̀ wọn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1725, ewì kan sì bá ọ̀kọ̀ọ̀kan rìn tó ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú "Ìgbà Òtútù", apá kìíní ni ẹni tí òtútù ń pa, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ẹ ó gbọ́ eyín yẹn lórí okùn, ẹ ò ní ṣe àṣìṣe. Apá kejì, ẹnìkan jókòó nídìí iná nínú ilé, òjò ń rọ̀ níta, àwọn tó kù á máa fi ìka já okùn kó lè dún bí ẹ̀kán òjò. Apá kẹta, ó ń rìn lórí omi dídì, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ gbé kó má bàa ṣubú. Ẹni tó bá ti jí ní aago 5 ìdájí nínú ọyẹ́ ní Ọ̀mù-Àrán, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un.

Ẹ tún má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín nípa àtẹ́wọ́. Ohun tí Kọyàmásítà sọ ló yẹ, bẹ́ẹ̀ là ń ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n láyé Beethoven fúnra rẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ láàárín apá. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe Símfónì Keje rẹ̀ ní 1813, apá kejì dùn mọ́ àwọn èrò débi pé wọ́n ní kí wọ́n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Bí ọwọ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Awakọ̀ Àjàṣẹ́

Èmi ò mọ orin, ọ̀nà ni mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyá àgbà padà sí Ọ̀mù-Àrán lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn aago 8. Kó sùn lọ́dọ̀ yín, kó gba mọ́tò láàárọ̀ Sọ́ńdè. Àwọn ọkọ̀ tírélà pọ̀ lọ́nà Àjàṣẹ́ lálẹ́, ìkuukùu ọyẹ́ sì ń bo ojú ọ̀nà. Tí ẹ ò bá ní mọ́tò tiyín, ẹ bá oníkẹ̀kẹ́ kan sọ ọ́ kí ẹ tó wọlé, kó padà wá gbé yín. Ní GRA lálẹ́, kẹ̀kẹ́ kì í pọ̀.

Ìyá Elélùbọ́ (Sọ́ńdè, ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ṣèlérí pé màá jábọ̀.

Mo pe àwọn tó ń ṣètò lọ́jọ́ Túsìdeè gẹ́gẹ́ bí Àlhájì ṣe wí. Wọ́n sún ìsinmi síwájú díẹ̀, wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkọ mi kírun, ó padà, ó bá wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ Beethoven. Kò nìkan lọ, wọ́n tó ogún tó jọ jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì padà wọlé.

Oboe fọn A. Ìyá mi ní, "Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ní rárá, mo sì ṣàlàyé fún un bíi pé mo ti ń lọ síbẹ̀ láti kékeré. Lẹ́yìn apá kìíní Mozart, àwọn tó wà lẹ́yìn pàtẹ́wọ́, olùdarí rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè láìbínú, wọ́n dákẹ́. Ní "Ìgbà Òtútù", nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, ìyá mi fa súwẹ́tà rẹ̀ mọ́ra. Aláṣọ Òkè, ẹ ṣé é fún ti súwẹ́tà. Àwọn gèlè mẹ́ta ńlá wà níwájú wa, àwa mẹ́ta la jọ ń yọrùn.

"Akinla" ni gbogbo ilé jó lórí ìjókòó. Mo rí ọkùnrin kan tó ń fi orí mì, tó ń fi ìka lu orúnkún rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá Ọmọ Dàdàkúàdà ni.

Ẹ wá gbọ́ ti Beethoven. "Ọmọ mi dà?" Mo ti ń retí rẹ̀, síbẹ̀ ara mi gbọ̀n. Ọmọ mi wà ní ìlà kejì, ó tẹ orí mọ́ igi, kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kẹ́sítírà bá bèèrè, ìyá mi ń dáhùn lábẹ́lẹ̀, "Òun nìyẹn. Òun ló wà lọ́hùn-ún yẹn." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mi ò lè sọ̀rọ̀.

Nínú apá kejì, iná lọ. Òkùnkùn bo gbogbo gbọ̀ngàn. Mo rò pé ó ti parí. Olùdarí ò dúró! Àwọn oníṣẹ́lò (bíi fáyólìnì ńlá ni) ṣì ń fa orin náà lọ, ó ń rọ̀, ó ń dín, ṣùgbọ́n kò já. Àwọn tó wà ní ìjókòó àkọ́kọ́ ló ronú rẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ìwé orin láti ẹ̀yìn àwọn olórin. Ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ máa fi gbé e, wọn ò tíì sọnù. Kò sẹ́ni tó pariwo. Èmi ti lọ òde ayẹyẹ láìmọye, mi ò rí ibi tí iná ti lọ tí èrò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìlù yẹn wá ń lù jẹ́jẹ́, tí àwọn onítròmbóònù gbé fèrè sẹ́nu, mo ti mọ̀, mo fọwọ́ kan ìyá mi pé, "Ẹ dúró." Kọyàmásítà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bí ìlẹ̀kùn ààfin ṣe ń ṣí ló rí.

Mo fún un ní àpòòwé nínú kẹ̀kẹ́ bá a ṣe ń lọ sílé, ₦5,000 láti ọwọ́ mi, ₦1,000 láti ọwọ́ ìyá àgbà, tuntun. Ó gbà á, ó wá sunkún. Ìyá mi ní kó máa sun ún, kò sóhun tó burú nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù, Onífáyólìnì. Ó ní èèkàn okùn A rẹ̀ yọ̀ nígbà ìsinmi, ó ní òun yí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó dúró. Ike ọṣẹ wà nínú àpótí o. Kí la ó ṣe?

Onífáyólìnì

Àǹtí mi, omijé ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń kà á.

Ti èèkàn: kó tú okùn A nìkan, kó má tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, torí igi kékeré tó gbé okùn ró lórí rẹ̀ á ṣubú. Kó fa èèkàn jáde, kó fi ṣọ́ọ̀kì funfun tí tíṣà fi ń kọ pátákó pa ibi tó ń wọ inú ihò lára, díẹ̀ ni o. Kó tì í padà, kó máa tì í wọlé bó ṣe ń yí i, kì í ṣe kó yí i lásán. Tó bá le jù tí kò yí mọ́, ọṣẹ gbígbẹ díẹ̀ ni yóò fi pa á. Bó bá tún yọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ihò ti gbòòrò nìyẹn, kó gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe, kó má fi lẹẹ dí i.